Ìràwọ̀ Òkun Kéékèèké Láti Inú Táńkì Àwọn Tó Ń Sin Ẹja Nílé: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí wáyé ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, níbi tó jẹ́ pé èmi ni mo ń bójú tó yàrá ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wà ní ọdún àṣekágbá fẹ́ ṣe ìwádìí rẹ̀ lórí ìràwọ̀ òkun kéékèèké tó máa ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ṣe kedere: bí oúnjẹ bá pọ̀ tàbí bó bá wọ́n, ǹjẹ́ ó ń yí bí ẹ̀dá yìí ṣe ń pín ara rẹ̀ padà, ǹjẹ́ ó sì ń mú kí apá tó sọnù tètè hù tàbí kó pẹ́ kó tó hù? Ìbéèrè tó dára ni, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi abọ́, omi iyọ̀ àti sùúrù dáhùn. Ohun tí kò ní ni ìràwọ̀ òkun.

Ohio kò bá òkun pààlà. Adágún Erie tó wà ní àríwá rẹ̀ tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi aláìníyọ̀ ni, kò sì sí irú ìràwọ̀ òkun kankan láyé tó ń gbé inú omi aláìníyọ̀. Láti Columbus, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, dé etí òkun Àtìláńtíìkì ju kìlómítà 600 lọ. Àwọn kan wà tó ń kó ẹ̀dá inú òkun ta fún ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n sábà máa ń tà, Patiria miniata tí wọ́n ń kó ní etí òkun California, omi tútù ló ń fẹ́, a ó sì ní láti ra ẹ̀rọ tí yóò máa mú omi náà tutù. Bẹ́ẹ̀ ni kì í pín ara rẹ̀ sí méjì láti bí sí i, èyí tó jẹ́ gan-an ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ wádìí.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọkàn mi kò fi lọ síbi kíkó wọn láti inú òkun. Láti ọdún 2013 ni àrùn kan ti ń jà láàárín ìràwọ̀ òkun ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà, tí apá wọn ń já, tí ara wọn sì ń yọ́ dànù. Ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù, Pycnopodia helianthoides, ti pàdánù ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú iye rẹ̀, ọdún 2025 ni àwọn olùṣèwádìí sì tó kéde pé bakitéríà kan tó ń jẹ́ Vibrio pectenicida ló ń fa àrùn náà lára rẹ̀. Kò tọ́ lójú mi kí a lọ máa kó ìràwọ̀ òkun ní etí òkun tí irú àjàkálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti jà nítorí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, nígbà tí irú mìíràn wà nínú ilé àwọn aráàlú tó pọ̀ débi tí wọ́n fi ń dà á nù.

Èyí tí mo ń sọ ni ìràwọ̀ òkun kéékèèké tó máa ń wà nínú táńkì àwọn tó ń sin ẹja omi iyọ̀ àti iyùn nílé. Wọn kì í dìídì rà á. Ara òkúta àti iyùn tí wọ́n kó wá láti òkun ilẹ̀ olóoru ló máa ń lẹ̀ mọ́ wọlé. Asterina ni àwọn tó ń sin ẹja ṣì ń pè é, ṣùgbọ́n láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń to àwọn irú rẹ̀ tó ń gbé òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì sábẹ́ orúkọ Aquilonastra. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ ju èékánná ọwọ́ lọ, àwọ̀ wọn sì lè jẹ́ funfun, eérú tàbí ti ewé gbígbẹ. Bí èèyàn bá wo ọ̀kan láti ẹ̀yìn gíláàsì, yóò rí ẹnu rẹ̀ ní àárín gbùngbùn, yóò rí àwọn ẹsẹ̀ tín-ín-tín tó rọ̀, tó fi lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí wọ́n tò lọ lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, bó bá sì ń jẹun lọ́wọ́, yóò rí ikùn rẹ̀ tó ti gba ẹnu yọ síta, tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ewé òkun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo gíláàsì, tó ń mú un dà níbẹ̀ kó tó fà á padà sínú. Apá rẹ̀ ló tètè máa ń fi í hàn. Dípò márùn-ún tó dọ́gba, mẹ́fà tàbí méje ló sábà máa ń ní, tí àwọn kan gùn tí àwọn kan kúrú, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Bó ṣe ń bí sí i nìyẹn: àwọn apá kan á máa fà lọ sí ọ̀tún, àwọn yòókù á máa fà lọ sí òsì, àárín á ya, ìdajì kọ̀ọ̀kan á sì hu ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní táńkì kò fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn kan ní ó ń jẹ iyùn, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní zoanthid. Àwọn mìíràn ní ewé tó wà lára gíláàsì àti òkúta nìkan ló ń jẹ, pé iyùn tó ti ń kú lọ́wọ́ ni wọ́n ń bá a lórí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, nítorí pé oríṣiríṣi rẹ̀ ló jọra tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ gidi máa ń ra edé aláràbarà kan, Hymenocera picta, tí kì í jẹ ohun mìíràn ju ìràwọ̀ òkun lọ, kó lè bá wọn pa á run. Nígbà tí ìràwọ̀ òkun bá sì tán, ebi ni yóò pa edé náà, bí ẹni tó ni ín kò bá wá òmíràn fún un. Ohun tó kàn wá nínú gbogbo èyí ni pé àwọn èèyàn ṣetán láti fi ìràwọ̀ òkun yìí tọrẹ láìgba kọ́bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ìkéde kékeré kan, ó sì gba àyè lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹja omi iyọ̀ ní Columbus láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri wọn. Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn ni bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ti ń tọ́jú táńkì kan náà láti ọdún pípẹ́. Bàbá yìí ní iye tó bá wù wá ni kí a wá kó, pé gíláàsì òun ti kún fọ́fọ́. Inú ọmọbìnrin náà dùn, ó sì wá bá mi.

“Ẹni kan ṣoṣo ti parí gbogbo rẹ̀ fún wa, ọ̀gá. Ó ní òun lè fún wa ní ọgọ́rùn-ún.”

Mo bi í léèrè pé, “Ṣé ọgọ́rùn-ún ìràwọ̀ òkun ni, àbí ìràwọ̀ òkun kan lọ́nà ọgọ́rùn-ún?”

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí òkúta kan bá gbé ìràwọ̀ òkun kan ṣoṣo wọ inú táńkì, tí ẹyọ kan yẹn pín sí méjì, tí méjì di mẹ́rin, tó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo èyí tó wà lára gíláàsì lónìí lè jẹ́ ẹ̀dá kan náà tó wà lójú ibi púpọ̀, tí kò sí ìyàtọ̀ kan pàtó nínú DNA wọn. Ẹni tó bá kó ọgọ́rùn-ún nínú wọn, tó fún ìdajì lóúnjẹ púpọ̀, tó sì fún ìdajì yòókù ní díẹ̀, ẹ̀dá kan ló wádìí. Ohun tó rí lè jẹ́ òtítọ́ nípa ẹ̀dá yẹn, ṣùgbọ́n kò lè tìtorí rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo irú rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ìṣirò tí àwa olùṣèwádìí fi ń mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ tí a rí jẹ́ èèṣì tàbí ó fìdí múlẹ̀ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tí a kà dá dúró fúnra rẹ̀. Bí a bá kọ ọgọ́rùn-ún síbi tó yẹ kí a kọ ẹyọ kan, ìdánilójú tí ìṣirò náà yóò fún wa yóò ju ohun tí a mọ̀ lọ fíìfíì. Lẹ́yìn èyí, gbogbo wọn ti mu omi kan náà, wọ́n ti wà lábẹ́ iná kan náà, wọ́n sì ti jẹ oúnjẹ kan náà, tó fi jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú táńkì yẹn ló ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ fún un pé iye táńkì ni kó máa kà, kó yé ka iye ìràwọ̀ òkun.

Ó gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sí i ni. Síbẹ̀, iye táńkì nìkan kò tó, nítorí pé àwọn tó ń sin iyùn máa ń gé ẹ̀ka iyùn fún ara wọn, wọ́n máa ń tà á, wọ́n sì máa ń fi ṣe pàṣípààrọ̀, ìràwọ̀ òkun sì ń bá ẹ̀ka iyùn bẹ́ẹ̀ rìn láti ilé dé ilé. Táńkì méjì tó wà ní òpin ìlú méjèèjì lè ní ìràwọ̀ òkun tó ti ibì kan náà wá. Nítorí náà ni a ṣe kọ ìwé ìbéèrè kan tí ẹni tó bá fẹ́ tọrẹ yóò kọ ọ̀rọ̀ kún. A béèrè ìgbà tó dá táńkì náà sílẹ̀, ibi tó ti ra òkúta àti iyùn inú rẹ̀, àwọn tó ti bá ṣe pàṣípààrọ̀, ìgbà tó kọ́kọ́ rí ìràwọ̀ òkun níbẹ̀, bí omi rẹ̀ ṣe gbóná tó àti bó ṣe níyọ̀ tó, ohun tó fi ń bọ́ ẹja rẹ̀, àti bóyá ó ti da oògùn kankan sínú omi náà rí. Ìbéèrè oògùn yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé oògùn tó ní bàbà nínú, tí wọ́n fi ń wo àrùn ara ẹja, máa ń pa àwọn ẹ̀dá tí kò ní eegun ẹ̀yìn, ìyókù rẹ̀ sì lè lẹ̀ mọ́ òkúta fún ìgbà pípẹ́. Ó wú mi lórí láti rí bí àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe mọ ìtàn táńkì wọn tó. Ìyá kan mú ìwé àjákọ jáde tó ti ń kọ bí omi rẹ̀ ṣe rí sínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí kì í ṣe.

Ní ti òfin, ọ̀ràn náà kò le. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí ìtọ́jú ẹran ìwádìí kò kan ìràwọ̀ òkun, ẹ̀dá yìí kò sì sí nínú àwọn tí àdéhùn CITES fi òté lé òwò wọn láàárín orílẹ̀-èdè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyùn olókùúta tó máa ń bá wọlé wà níbẹ̀. Síbẹ̀ a kọ ohun tí a fẹ́ ṣe sílẹ̀ fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, a sì sọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan kí a tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ pé ara àwọn kan ni a ó gé fún àyẹ̀wò, pé gbogbo wọn kò ní yè. Ìyá tó ní ìwé àjákọ yẹn rò ó wò kó tó gbà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì ni a fi dípò orúkọ àwọn tó tọrẹ nínú gbogbo ìwé iṣẹ́ náà, ti bàbá àkọ́kọ́ sì ni A.

Kíkó wọn gba ọwọ́ jẹ́jẹ́. Bí a bá fi èékánná ya á, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kù sára gíláàsì, ọgbẹ́ yóò sì wà lábẹ́ apá rẹ̀, èyí tí yóò ba ìwádìí tó dá lórí bí apá ṣe ń hù jẹ́. Ní ilé bàbá A, a dúró títí iná táńkì fi kú, nítorí pé alẹ́ ni wọ́n máa ń jáde dáadáa sórí gíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ki ọwọ́ bọ omi dé ìgúnpá, ó fi etí káàdì ike pẹlẹbẹ sáàárín gíláàsì àti apá kan, ó sì tì í díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹ̀dá náà fi fúnra rẹ̀ tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, tó sì jábọ́ sínú ife tó gbé sísàlẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pín, tí ojú ibi tó ti ya ṣì ń fẹjú, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Omi inú táńkì náà gan-an ni a fi gbé wọn, nínú ọ̀rá onípele méjì tí a fi afẹ́fẹ́ kún ju omi lọ.

Àwọn kan kò sí ní ìtòsí, wọ́n sì fi tiwọn ránṣẹ́ nínú àpótí fóòmù. Ọ̀pọ̀ dé láyọ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ sùn sí ibùdó ilé-iṣẹ́ akérù kan mọ́jú nígbà òtútù, nígbà tó sì dé ọwọ́ wa, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kú. A kọ èyí náà sínú ìwé, a sì sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà ni a kò ti gba àpótí kankan mọ́ ní àkókò tí òjò yìnyín bá ń rọ̀, bó ti wù kí ìwádìí náà kánjú tó.

Ibi tí ìràwọ̀ òkun ti sábà máa ń kú lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá dé. Ẹ̀dá yìí kò ní agbára láti ṣètò iyọ̀ inú ara rẹ̀. Bí omi tó yí i ká bá ṣe níyọ̀ tó ni inú ara rẹ̀ yóò ṣe níyọ̀ tó. Omi òkun máa ń ní iyọ̀ tó tó nǹkan bíi gírámù 35 nínú kìlógírámù kan, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe ṣètò tiwa, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn tó tọrẹ ń jẹ́ kí tiwọn fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá sọ ìràwọ̀ òkun láti inú omi fífúyẹ́ sínú èyí tó níyọ̀ jù ú lọ lójijì, omi yóò fà kúrò nínú ara rẹ̀. Ara rẹ̀ lè dà bíi pé kò sí nǹkan ní ọjọ́ náà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tí èèyàn yóò sì máa wá àrùn níbi tí kò sí àrùn. Rọ́bà tín-ín-rín tí a ta kókó sí ni a fi ń jẹ́ kí omi tiwa máa kán sínú tiwọn ní ẹ̀kán-ẹ̀kán fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí a ń wọn iyọ̀ rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, títí tí omi méjèèjì fi dọ́gba. Abọ́ ọ̀tọ̀ ni a fi àwọn tó wá láti táńkì kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú páípù àti ife tiwọn, kí àrùn tàbí aràn ilé kan má bàa ran ti ilé kejì, àti pàápàá kí wọn má bàa dàpọ̀, nítorí pé lọ́jọ́ tí ti A bá dàpọ̀ mọ́ ti D, kò sí ojú tó lè yà wọ́n mọ́.

Fún àyẹ̀wò DNA, a mú ìwọ̀nba díẹ̀ láti abọ́ kọ̀ọ̀kan, a fi magnesium chloride tí a pò mọ́ omi òkun kùn wọ́n lóorun, a gé orí apá kan, a sì tọ́jú rẹ̀ sínú ethanol 95%. Jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní COI ni ẹ̀ka wa lè kà fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo tẹnu mọ́ ọn fún un pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni jíìnì yìí lè jẹ́rìí sí: bí ti táńkì méjì bá yàtọ̀, ó dájú pé ìran méjì ni wọ́n, bí wọ́n bá jọra, ìyẹn kò fi hàn pé ẹ̀dá kan náà ni wọ́n, nítorí pé àwọn tó yàtọ̀ pátápátá lè bá ara wọn dọ́gba níbẹ̀. Ti A àti ti C bára mu. Nígbà tí a padà sínú ìwé ìbéèrè, a rí i pé ṣọ́ọ̀bù kan náà ni àwọn méjèèjì ti ra iyùn wọn. A kà wọ́n sí ìran kan.

Ìgbà yìí ni ohun tó jọ ìdènà ní ìbẹ̀rẹ̀ wá di ìrànlọ́wọ́. Bí àwọn inú táńkì kan bá jẹ́ ẹ̀dá kan náà lóòótọ́, a lè fi ìdajì wọn sábẹ́ oúnjẹ púpọ̀, kí a fi ìdajì sábẹ́ oúnjẹ díẹ̀, kí a sì mọ̀ pé ìyàtọ̀ tó bá jáde kò ti inú àbímọ́ wọn wá. Ẹni tó ń ṣe irú ìwádìí yìí pẹ̀lú eku tàbí ẹja ní láti náwó gọbọi kó tó rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwa rí i lára gíláàsì àwọn aráàlú. A pín ìran kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjì, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì fi ìran kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀ kó tó fi ọ̀kan wé òmíràn. Ó ń ya àwòrán wọn lábẹ́ awò láti ìsàlẹ̀ abọ́ gíláàsì, ó sì ń wọn apá tó ń hù lórí àwòrán náà, tó fi jẹ́ pé kò ní láti fọwọ́ kàn wọ́n rárá.

Nínú ọ̀pọ̀ ìran, apá tètè hù lára àwọn tó jẹun dáadáa. Nínú ìran A, a kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn tó jẹ púpọ̀ àti àwọn tó jẹ díẹ̀. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ká ní táńkì bàbá yẹn nìkan ni ó lò, pẹ̀lú gbogbo ọgọ́rùn-ún tó ṣèlérí, ohun tí ì bá kọ ni pé oúnjẹ kò kan bí apá ìràwọ̀ òkun yìí ṣe ń hù, ìṣirò rẹ̀ ì bá sì tì í lẹ́yìn. Ní ti bí wọ́n ṣe ń pín ara wọn, ìran sí ìran ni ó yàtọ̀, kò sì rí ohun tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀, mo sì gbóríyìn fún un fún ìyẹn ju àwòrán àti àtẹ rẹ̀ lọ.

Ó ku àwọn tó ṣẹ́kù. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dábàá pé kí wọ́n gbé wọn lọ sínú òkun ní Florida nígbà ìsinmi, inú rere ló sì fi sọ ọ́. Mo kọ̀. Ẹ̀dá tí ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀ lè di ọgọ́rùn-ún láìní akọ tàbí abo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí èèyàn bẹ̀rù jù láti tú sílẹ̀ sínú omi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ewé òkun kan tó ń jẹ́ Caulerpa taxifolia, tí òun náà ń hù láti ara èyí tó bá já, ni wọ́n rí nínú òkun nítòsí Monaco ní 1984, láti ibẹ̀ ló sì ti tàn káàkiri òkun Mẹditaréníà; ní ọdún 2000 wọ́n rí i ní gúúsù California, ó sì ná wọn ní ohun tó ju mílíọ̀nù 7 dọ́là lọ kí wọ́n tó rí i pa run. Táńkì ẹja ni wọ́n gbà pé ó ti jáde níbi méjèèjì. A da bílíìṣì sínú gbogbo omi tí a lò kí a tó dà á nù, a tọ́jú àpẹẹrẹ ìran kọ̀ọ̀kan sínú ethanol, a sì pa àwọn ìran tó wà láàyè mọ́ nínú abọ́ wọn, pẹ̀lú lẹ́tà wọn lára, fún akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò tẹ̀ lé e. Ìwé ìbéèrè náà wà nínú fáìlì yàrá ìwádìí, a sì ti fi ìbéèrè kan kún un, ìyẹn orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹni náà ti ra ẹ̀ka iyùn kọ̀ọ̀kan àti ọdún tó rà á, nítorí pé ìdáhùn yìí ló jẹ́ kí a lóye ohun tí DNA fi hàn wá nípa A àti C.